Oyin Tó Gbé Ẹsẹ̀ Sókè

   Èmi ni mo ni àárọ̀ òní. Ibi tí a ó kà ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 5, ẹsẹ 1 sí 11. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kí ẹ tó máa bá mi bọ̀, kò gùn. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ rọra, ẹ má kọjá ibi tí ẹ ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Ẹ ó rántí fọ́tò kan tí mo fi síbí ní ìparí oṣù Keje ọdún tó kọjá. Oyin ńlá onírun kan ni, irú èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní bumblebee. Ó jókòó sórí òdòdó elésè àlùkò, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Irun ọrùn rẹ̀ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó bò ó lára bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́ dé. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ní ẹ̀yìnkùlé mi láàárọ̀ yìí." Kó tó tó wákàtí kan, "Àmín" ti lé ní ogójì. Ẹnìkan kọ ọ́ pé oyin gan-an ń gbé ọwọ́ sókè yin Ẹlẹ́dàá rẹ̀, kí ló wá ń ṣe àwọn tó máa ń ká apá gbera lákòókò ìyìn? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí gúrúùpù míì, ó dé Abẹ́òkúta, ó dé Houston, ó tún padà sọ́dọ̀ mi láti ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé èmi ni mo yà á.

Ohun tí mi ò sọ fún yín ni pé inú fíríìjì mi ni oyin yẹn ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀yìnkùlé náà, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín tó ti wá sílé wa rò pé ọ̀lẹ ló sọ ọ́ di igbó. Nígbà tí bàbá ọkọ mi wá kí wa ní Kent níbí láti Ìbàdàn, àdá ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Wọ́n ní ejò ń bọ̀. Mo ní, "Bàbá, a dìídì gbìn ín ni." Wọ́n wò mí títí. "Ẹ dìídì gbin igbó?"

Bẹ́ẹ̀ ni o, a gbin igbó. Láàárín nǹkan bí ọdún 1930 sí 1984, ilẹ̀ England àti Wales pàdánù nǹkan bí 97 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn pápá olódòdó tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ní láti tú ilẹ̀ kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Lẹ́yìn ogun, ajílẹ̀ dé, koríko tó ń yára dàgbà dé, òdòdó ò ráyè mọ́. Òdòdó tó lọ, oyin ò róúnjẹ. Ẹ̀yìnkùlé kékeré kan ò lè dá ìyẹn padà, mo mọ̀. A kàn ní ilẹ̀ tí kò tó ibi tí ọkọ̀ méjì máa dúró sí ni, a sì fẹ́ gbìyànjú.

Ohun tó yà mí lẹ́nu, èmi tí mo jẹ́ ọmọ àgbẹ̀, ni pé ilẹ̀ tó lọ́ràá ò dáa fún un. Bí ilẹ̀ bá lọ́ràá, koríko ló máa jẹun yó, tí á sì bo òdòdó mọ́lẹ̀. Òdòdó igbó ń fẹ́ ilẹ̀ tálákà. Ni a bá ha ojú ilẹ̀ náà kúrò, a sì fọ́n irúgbìn kan sí i nígbà tí ewé ń wọ́, yellow rattle lorúkọ rẹ̀. Kò ní hù láìjẹ́ pé òtútù ọyẹ́ ibí kọ́kọ́ pa irúgbìn rẹ̀. Tó bá wá hù, gbòǹgbò rẹ̀ á so mọ́ gbòǹgbò koríko, á máa fa omi àti oúnjẹ rẹ̀ mu, koríko á rù, àyè á ṣí fún àwọn yòókù. Ní ìparí oṣù Kẹjọ a máa ń gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ó sì kó èyí tí a gé kúrò kó má baà jẹrà síbẹ̀ sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Ọ̀lẹ kọ́!

Nígbà tó di ọdún kẹta, àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Tata. Labalábá aláwọ̀ búlúù kéékèèké tó ń yé ẹyin sórí bird's-foot trefoil. Eṣinṣin kan wà tó wọ aṣọ agbọ́n, dúdú àti yẹ́lò, bẹ́ẹ̀ kò ní oró kankan lára. Aṣọ yẹn ló fi ń dẹ́rù ba ẹyẹ. (Ẹ má bi mí bóyá irọ́ nìyẹn. Mo ti rò ó tì.) Labalábá tí wọ́n ń pè ní Painted Lady náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ibí rárá. Àwọn onímọ̀ ti tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dá ìrìn àjò náà rìn lọ rìn bọ̀. Ìyá á bẹ̀rẹ̀, ọmọ á gbà á, ọmọ-ọmọ ló máa dé ibí. Tí òtútù bá sì ń bọ̀, àwọn tí wọ́n bí níbí á tún kọrí sí ìhà gúúsù, síbi tí wọn ò dé rí. Ọjọ́ tí mo kà á, mo lọ sẹ́yìnkùlé lọ kí wọn kú ìrìn.

Èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò. Fóònù ni mo fi ń yà á, pẹ̀lú lẹ́ǹsì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀yin ará, oyin kì í dúró fún fọ́tò. Màá yà á nígbà ọgọ́rùn-ún méjì, ìdí oyin ni màá rí, tàbí òdòdó lásán tí oyin ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Inú ń bí mi. Mo wá kà á níbì kan pé àwọn ayàwòrán kan wà tí wọ́n máa ń gbé kòkòrò sínú fíríìjì kí wọ́n tó yà á, àwọn míì sì ń bú wọn pé ìwà ìkà ni. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé bumblebee ò lè fò àfi tí iṣan tó fi ń fò bá gbóná tó nǹkan bí 30 ní ìwọ̀n Celsius. Tí òtútù bá mú un, á kọ́kọ́ jókòó máa gbọ̀n rìrì, ìgbọ̀nrìrì yẹn ló fi ń dáná fún ara rẹ̀. Inú fíríìjì ò gbóná ju 4 lọ. Oyin á dákẹ́, á dà bíi pé ó sùn. Tí wọn ò bá fi í pẹ́ jù níbẹ̀, á jí.

Mo fi ìgò jáàmù mú un lórí òdòdó knapweed. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, mo ka ogún ìṣẹ́jú. Mo gbé e padà sórí òdòdó kan náà, ó sì jókòó jẹ́ẹ́ fún mi. Mo yà á láti ọ̀tún, mo yà á láti òsì. Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í móoru díẹ̀, tí mo tún sún mọ́ ọn, ó gbé ẹsẹ̀ àárín kan sókè. Mo pariwo, "Yéè! Ó gbé ọwọ́!" Èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí yín nìyẹn.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dúró lẹ́yìn mi nígbà tí Àmín ń wọlé. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò sọ fún wọn pé inú fíríìjì lẹ ti mú un." Mo ní kó lọ fọ ẹnu ẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Èyí ò jọ bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ kan ò lè bá a láéláé tí mo bá dákẹ́, torí mi ò sọ ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe òótọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run, òótọ́ ni. Ẹ̀yìnkùlé mi, òótọ́ ni. Àárọ̀ yìí, aago mẹ́wàá ni, àárọ̀ ṣì ni. Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ò ní rí irọ́ níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká ka ọ̀rọ̀ Ananíà àti Sáfírà. Ẹ padà síbẹ̀ ẹ wò ó. Sáfírà sọ̀rọ̀, Pétérù bi í ní iye owó ilẹ̀, ó sì pa irọ́. Ananíà ńkọ́? Kò sí gbólóhùn kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó gbé owó wá, ó gbé e sí ẹsẹ̀ àwọn àpọ́sítélì. Bẹ́ẹ̀ Pétérù fúnra rẹ̀ sọ fún un pé tirẹ̀ ni ilẹ̀ náà kó tó tà á, tirẹ̀ sì ni owó náà lẹ́yìn tó tà á. Kò sí ẹni tó ní dandan kó kó gbogbo rẹ̀ wá. Tó bá ti sọ pé, "Ẹ̀yin bàbá, ìdajì nìyí o, mo ní gbèsè láti san," wọn ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn jẹ́ kí wọ́n rò pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn ni. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ìjìyà rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo ṣì ń rò bẹ́ẹ̀ díẹ̀, Olúwa dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ti yé mi báyìí ju bó ṣe yé mi nígbà tí mi ò tíì gbé oyin sínú fíríìjì.

Arákùnrin kan nínú ìjọ wa tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó bá mi jiyàn lórí èyí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ní, "Mà, ṣé ẹ rí i kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó pé ìyàwó ti sunkún kí wọ́n tó tún ojú rẹ̀ ṣe? Gbogbo fọ́tò ni wọ́n ń tò." Òótọ́ ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a lọ ya fọ́tò ọdún Kérésì níwájú aṣọ tí wọ́n ya ọkọ̀ òfuurufú sí. Kò sẹ́ni tó rò pé a fẹ́ rìnrìn àjò. Kódà ohun kan wà tí àwọn àgbà máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ láwọn ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ méjèèjì sórí bébà kan ṣoṣo bíi pé wọ́n jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ akọ àti abo, èyí tó kù á wọ aṣọ tirẹ̀, á sì tún wọ ti èkejì rẹ̀. Ta ló máa pe ìyẹn ní irọ́? Ìyá tó ni fọ́tò náà mọ̀ pé ọmọ kan ló jókòó síwájú kámẹ́rà. Ó fi í sórí ògiri nítorí pé ó mọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni tèmi ti yàtọ̀. Nínú ilé ìyá ìbejì, gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló mọ bí wọ́n ṣe yà á. Lọ́dọ̀ tèmi, èmi àti ọmọ mi nìkan la mọ̀, mo sì ti ní kí ọmọ lọ fọ ẹnu. Ẹ wo nǹkan tí mo béèrè lọ́wọ́ yín: mo ní kí ẹ ṣe Àmín. A kì í ṣe Àmín sí aṣọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀rí la máa ń ṣe Àmín sí. Ká ní mo kọ ọ́ pé, "Mo gbé e sínú fíríìjì fún ogún ìṣẹ́jú kí n lè rí irun ọrùn rẹ̀," ẹ̀yin kan á ní "háà, ó dáa o," ẹ̀yin kan á ní kí n fi kòkòrò Ọlọ́run sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìdí tí mi ò fi kọ ọ́ nìyẹn.

Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé kòkòrò lásán ni, ẹ̀fọn mélòó la ti fi ọwọ́ pa? Mi ò bá yín jà. Èmi náà ń pa ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn ń ta mí, mo fẹ́ kó lọ. Oyin yìí ò ṣe mí ní nǹkan kan, àfi pé ó kọ̀ kò dúró. Níbi tí Olúwa wa ti ní ká wo òdòdó inú pápá, nínú Mátíù orí 6, wíwò ló ní ká wò ó.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ti ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí n tó kọ èyí, wọ́n sì ní kí n má dárúkọ. Nígbà tí ewé ń wọ́ lọ́dún tó kọjá, wọ́n wà ní ọsibítù fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo lọ kí wọn. Wọ́n gbé fóònù wọn fún mi wò: oyin mi ló wà lójú rẹ̀. Wọ́n ní tó bá di aago mẹ́ta òru, tí òtútù bá mú wọn, tí oorun ò wá, àwọn á wo oyin tó gbé ọwọ́ sókè sí Ọlọ́run, àwọn náà á gbé tiwọn tí wọn ò fi omi sí.

Mo ti mọ ohun míì nígbà yẹn. Mo ti kà nípa ẹsẹ̀ tí bumblebee ń gbé sókè. Kì í ṣe ìyìn. Tí nǹkan bá sún mọ́ ọn jù tí ẹ̀rù sì ń bà á, ó máa ń gbé ẹsẹ̀ àárín sókè láti kìlọ̀ pé kí nǹkan náà jìnnà sí òun.

Ẹ bá mi rò ó. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí fọ́tò kan ń gbé ró, ṣé ẹ máa sọ fún un? Ọkọ mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ló ń tu Mama nínú, kì í ṣe oyin, Ọlọ́run sì lè lo ohunkóhun. Ó ti lo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Báláámù rí. Mo gbà fún un, mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ṣùgbọ́n ohun kan ń yọ mí lẹ́nu: ṣé torí Mama ni mo ṣe dákẹ́, àbí torí èmi? Tí mo bá sọ ọ́, Mama á pàdánù oyin kan. Èmi á pàdánù orúkọ "ayàwòrán wa" tí wọ́n ti ń pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wọn méjèèjì, tèmi ló wúwo jù lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo rí ìyẹn, mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ lọ.

Mo dúró kí wọ́n padà sílé. Mo gbé mọ́ínmọ́ín dání, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìgò jáàmù. Wọn ò sọ̀rọ̀ títí mo fi parí. Wọ́n wá ní, "Ṣé ó padà fò?"

Mo ní, "Mi ò rí i kó fò, Mà. Òjò dé, mo sá wọlé. Lọ́jọ́ kejì mo rí oyin kan nílẹ̀ lábẹ́ òdòdó yẹn, ó ti kú. Bóyá fíríìjì ni, bóyá ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Wọn kì í pẹ́ láyé."

"Ẹsẹ̀ yẹn wá ńkọ́? Ó ń sọ fún ọ pé kó o kúrò lọ́dọ̀ òun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún nọ́ọ̀sì lóru ọjọ́ kan." Ẹ̀rín náà sì tán lójú wọn. Wọ́n ní, "O ò bá ti sọ fún mi nígbà tí mo wà níbẹ̀. Mi ò bá ti mọ̀ pé a jẹ́ méjì."

Mi ò ní èsì. Mo ti rò pé mo fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ wọn ni, mi ò mọ̀ pé mo ti gbà á tipẹ́. Ẹ má rò pé mò ń sọ pé òtítọ́ máa ń dùn mọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ. Nígbà tí mo dìde, Mama ní, "Má tíì fi òmíràn ránṣẹ́ sí mi ná." Wọ́n sì yọ oyin náà kúrò lójú fóònù wọn, fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ọdún yìí, mi ò gbé nǹkan kan sínú fíríìjì àfi oúnjẹ. Ohun tí mo ti mọ̀ ni pé akọ bumblebee kì í sábà padà sílé lóru. Orí òdòdó ló máa ń sùn sí. Oòrùn ń yọ ṣáájú aago márùn-ún níbí ní oṣù Kẹfà. Tí ẹ bá jáde nígbà yẹn, ẹ máa bá wọn lórí knapweed àti red clover, ìrì ti rin wọ́n, òtútù òru ló mú wọn dúró jẹ́ẹ́. Mo máa ń gbàdúrà àárọ̀ mi níbẹ̀ lórí àpótí, ojú mi là sílẹ̀. Tí ọ̀kan bá gbé ẹsẹ̀, màá sún sẹ́yìn. Ohun kan ń dà mí láàmú síbẹ̀: tí mo bá gbé fọ́tò àárọ̀ ìrì àti fọ́tò fíríìjì lé yín lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ ìyàtọ̀. Mo ti tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rí. Èmi gan-an, tí mi ò bá wo ọjọ́ tí mo yà á, mi ò lè mọ̀ ọ́n.

Èyí tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ mi ló yà á lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kò mọ́lẹ̀ dáadáa, ìdí oyin nìkan ló sì hàn, orí rẹ̀ ti wọnú òdòdó. Mo pe Mama lálẹ́ àná, mo bi wọ́n bóyá kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn náà. Wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́, kí n kọ aago tí wọ́n yà á sí i. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, Mà.